Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ bátìrì inú káséètì géèmù àtijọ́ láìpàdánù séèfù yín

Ẹ gbá géèmù títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ séèfù ibi tí ẹ dé, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ lọ sùn. Ìgbà tí ẹ máa tan án lọ́jọ́ kejì, orúkọ yín kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni pé ẹ kò fọwọ́ kan géèmù náà rí. Tí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí káséètì Game Boy, Super Nintendo tàbí Nintendo àkọ́kọ́ tí ẹ ní nílé, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́wọ́ yín ní owó pàǹtí. Bátìrì kékeré kan ló kú nínú rẹ̀, ó sì ṣeé pààrọ̀.

Mo ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ará àti ọ̀rẹ́ níhìn-ín ní Adó-Èkìtì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ mọ̀ ju gbogbo ohun yòókù lọ ni pé bátìrì kọ́ ló ṣòro nínú ọ̀rọ̀ náà. Séèfù tó wà nínú káséètì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bátìrì tuntun wà lọ́jà. Séèfù tí ẹnì kan fi odidi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kó jọ kò sí lọ́jà kankan.

Ohun tí bátìrì ń ṣe níbẹ̀

Áísì kan wà nínú káséètì tí wọ́n ń pè ní SRAM. Òun ló ń rántí ibi tí ẹ dé, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lè kúrò lára rẹ̀ báyìí, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí géèmù bá wà ní títàn, iná ẹ̀rọ ló ń bọ́ ọ. Bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, bátìrì fóltì 3 tó rí pẹlẹbẹ ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe, lọ́sàn-án lóru, àní nígbà tí káséètì bá wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iná tí SRAM ń jẹ kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí bátìrì kan ṣoṣo fi lè gbé e fún ọdún 15 tàbí 20, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ gan-an ni Pokémon àkọ́kọ́ jáde ní Jàpáànì, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1998. The Legend of Zelda tó wọ Amẹ́ríkà nínú káséètì oníbátìrì ní 1987 tún wá ṣáájú wọn. Bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ láti ìgbà wọ̀nyẹn ti ṣe ju ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Pokémon Gold àti Silver ló sábà máa ń tètè kú jù, nítorí pé aago wà nínú àwọn yẹn, bátìrì kan náà ló sì ń bọ́ aago, òun náà ló ń bọ́ SRAM.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Kì í ṣe gbogbo káséètì ló ní bátìrì. Super Mario Bros. àti Contra ti Nintendo àkọ́kọ́ kò ní séèfù rárá. Mega Man 2 máa ń fún yín ní àmì tí ẹ máa kọ sínú ìwé. Àwọn káséètì tí wọ́n kó géèmù rẹpẹtẹ sínú ẹyọ kan, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ géèmù nígbà èwe, kì í sábà ní in. Nínú ti Nintendo 64, Ocarina of Time ní bátìrì, Super Mario 64 kò ní, nítorí irú áísì mìíràn tí kì í gbàgbé ni wọ́n lò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ní PlayStation, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, mẹ́mọ́rì káàdì yẹn kò ní bátìrì nínú.

Pokémon Ruby, Sapphire àti Emerald ti Game Boy Advance yàtọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá tan wọ́n tí wọ́n sì kọ ọ́ sójú pé bátìrì inú ti tán, ẹ fọkàn balẹ̀: aago nìkan ni bátìrì yẹn ń bọ́. Séèfù yín wà ní ibòmíràn, kò ní lọ síbì kankan tí ẹ bá yọ bátìrì. Nǹkan tó ń ti inú aago yẹn wá nìkan ni kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bí èso tí ẹ gbìn tó kọ̀ tí kò dàgbà.

Bí géèmù kò bá tilẹ̀ wọlé rárá, tí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú tàbí tó ń ṣẹ́jú, bátìrì kọ́. Ìdọ̀tí ló wà ní ẹnu káséètì. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nù ún kí ẹ tún un gbìyànjú.

Ohun tí ẹ máa nílò

Bátìrì ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà wà lára bátìrì àtijọ́: CR2032, CR2025 tàbí CR1616. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó wà nínú géèmù báyìí-báyìí, ẹ ṣí i, kí ẹ kà á fúnra yín. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀: CR2032 fẹ̀ tó mílímítà 20, ó sì nípọn tó 3.2, CR2025 fẹ̀ bákan náà, àmọ́ 2.5 ni nínípọn rẹ̀. CR1616 fẹ̀ tó 16, ó nípọn tó 1.6. Gbogbo wọn ló jẹ́ fóltì 3. Nínú káséètì Nintendo àkọ́kọ́ àti Super Nintendo, CR2032 lẹ sábà máa bá. Ti Game Boy kò láàyè, tí ẹ bá fi èyí tó nípọn jù há a, ara káséètì máa wú, ó sì lè má wọ ẹnu ẹ̀rọ mọ́.

Ẹ yẹra fún LIR2032. Ó jọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n ń cháájì ni, fóltì rẹ̀ ga ju ti CR lọ, káséètì kò sì ní ohun tó lè cháájì rẹ̀.

Bátìrì elétí ni kí ẹ wá, ìyẹn ni pé kí ó ní irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ “CR2032 with tabs”. Kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Ẹ lè wá gbogbo Ọjà Ọba pátá kí ẹ má rí i, torí bátìrì aago ọwọ́ àti ti rìmóòtù ọkọ̀ ni wọ́n ń tà, àwọn yẹn kò létí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn, kò sì gba kí ẹ dúró de ẹrù láti Èkó. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pọ̀, bí Ìwòròkò tàbí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, wọ́n á wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tà yín ní bátìrì CMOS ti láptọ́ọ̀pù. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, CR2032 gidi ni, wọ́n ti lẹ irin mọ́ ọn, wáyà pupa àti dúdú sì ti jáde lára rẹ̀. Ẹ gé ẹnu ike tó wà ní ìdí wáyà dànù, ẹ bó orí wáyà náà, ẹ ti ní bátìrì tó ṣeé fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ láìfi ooru kan ojú bátìrì. Ẹ kàn rí i dájú pé CR ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kì í ṣe ML, torí ML jẹ́ ti cháájì. Ó bá Nintendo àkọ́kọ́ àti Super Nintendo mu dáadáa. Game Boy kò ní àyè fún un.

Ọ̀nà kejì ni ilé bátìrì, irú èyí tó wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Àwọn bọ́ọ̀dù tó ti kú pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tí ẹ bá yọ ilé náà, tí ẹ sì fi wáyà kékeré so ó mọ́ inú káséètì ńlá, ọwọ́ lásán ni ẹ óò máa fi pààrọ̀ bátìrì láti ìgbà náà lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kí ẹ rí i pé ara káséètì máa pàdé lórí rẹ̀.

Ibi yòówù kí ẹ ti ra bátìrì, ẹ mú mítà tó ń ka fóltì dání. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ̀n ọ́n. Tuntun gbọ́dọ̀ ka bíi fóltì 3.2. Tí ó bá ka 2.9 nínú páálí, ó ti pẹ́ jù lórí àtẹ nínú oòrùn, ẹ dá a padà.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù kò pọ̀: áyọ́ọ̀nù tí àwọn onírédíò fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, èyí tó ní ìwọ̀n ooru ló dára jù, lẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín, péésìtì, sọ́kà tí wọ́n fi ń fa lẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mú kékeré tó lẹ́nu ṣóńṣó, mítà, òwú àti sípíríìtì. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé egbòogi ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé isopropyl ló dára jù tí ẹ bá rí i. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ẹ má sì lo ògógóró, omi tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù.

Súkúrù ara káséètì kò gba sukudiráfà lásán. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní gamebit, ti 3.8 mm, ló ń ṣí ti Nintendo, Super Nintendo, Nintendo 64 àti Game Boy. Game Boy Advance ń lo sukudiráfà tri-wing, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní apá mẹ́ta. Káséètì Nintendo tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìkan ló ní súkúrù márùn-ún tí sukudiráfà pẹlẹbẹ lè ṣí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń yọ́ ìdí bírò lórí iná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ súkúrù kó lè gba àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí súkúrù náà kò bá le. Bí ó bá le, ike á ṣẹ́ sínú ihò, iṣẹ́ á wá di méjì. Owó gamebit kò tó ohun tí ẹ máa tìtorí rẹ̀ fi káséètì sínú ewu.

Ẹ gba séèfù náà là ná

Bí bátìrì bá ti kú pátápátá, kò sí séèfù kankan mọ́, ẹ fo apá yìí. Ṣùgbọ́n bí séèfù bá ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ kàn rí i pé káséètì ti dàgbà tí ẹ kò sì fẹ́ dúró de ọjọ́ ibi, ẹ dúró díẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá yọ bátìrì yẹn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ da séèfù náà kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kékeré wà tí ẹ máa ki káséètì bọ̀, tí ẹ sì máa fi wáyà USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù: GB Operator wà fún Game Boy, Retrode wà fún Super Nintendo àti Sega Mega Drive. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì tán, ẹ óò dá a padà bó ṣe wà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dáwó jọ ra ẹyọ kan, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni oníkálukú yín máa nílò rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Tí ó bá jẹ́ Pokémon ni, tí ẹnì kan sì ní Game Boy àti káséètì kejì, ẹ lè fi wáyà ìsopọ̀ kó àwọn ẹran inú géèmù yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá gbà wọ́n padà.

Ọ̀nà kẹta gba ọwọ́ tó dúró, ẹni tó ti ń jó lẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ fún. Ẹ fi bátìrì méjì oní-AA sínú ilé wọn, ó di fóltì 3. Ẹ so rẹsísítọ̀ 1kΩ mọ́ ẹnu + rẹ̀, èyí tí ìlà ara rẹ̀ jẹ́ búráùn, dúdú, pupa. Rẹsísítọ̀ yìí ni kò ní jẹ́ kí iná ya láti bátìrì kan wọ inú èkejì. Ẹ wá fi mítà wá ibòmíràn lórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bọ́ọ̀dù inú káséètì, tó ń ka fóltì kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ + bátìrì àtijọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ lẹ ẹnu − mọ́ ibi gbòòrò tó jẹ́ ilẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì. Nísinsìnyí, tí ẹ bá yọ bátìrì àtijọ́, AA ń gbé SRAM ró. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi kan pánẹ́ẹ̀lì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú ilé wa kò ní wáyà ilẹ̀, iná díẹ̀ tó ń jò gba orí áyọ́ọ̀nù sì tó láti nu séèfù nù. Ooru tó kù lórí rẹ̀ á yọ́ ojú kan. Ẹ tún un kì bọ iná, kí ẹ tún un yọ.

Àwọn kan máa ń fi káséètì ṣíṣí sínú ẹ̀rọ, wọ́n á tan ẹ̀rọ, wọ́n á wá máa yọ bátìrì nígbà tí iná ń lọ nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ nílùú tí iná ti lè lọ nígbàkígbà. Ẹ̀rọ náà àti káséètì lè jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣíṣí i

Ẹ jókòó sídìí tábìlì pákó, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé. Lásìkò ọyẹ́, ara wa máa ń ní iná gbígbẹ, irú èyí tó ń ta ènìyàn tí ó bá bọ́ súwẹ́tà. Ó lè pa áísì láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi onírin kí ẹ tó mú pánẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì ṣiṣẹ́ lórí rọ́ọ̀gì.

Super Nintendo ní súkúrù méjì, Nintendo àkọ́kọ́ tó dé lẹ́yìn ní mẹ́ta. Tí ẹ bá tú wọn tán, etí ike kan ṣì wà lókè tó ń dì í mú, ẹ là á láti ìsàlẹ̀ wá sókè jẹ́jẹ́. Game Boy ní súkúrù ẹyọ kan lẹ́yìn. Ìdajì kan máa ń yọ̀ díẹ̀ kó tó ṣí, kì í là sókè ní tààrà. Bí ó bá takú, ẹ má fi ọ̀bẹ là á.

Ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ibi tí + wà àti ibi tí − wà ni kí ó hàn nínú fọ́tò yẹn. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì náà. Lára bátìrì fúnra rẹ̀, ojú gbòòrò tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni +.

Ẹ fi mítà wọn bátìrì àtijọ́ níbi tó wà. Tí ó bá ti ń sún mọ́ 2.5, àkókò ti tó. Ọ̀pọ̀ SRAM kò lè rántí nǹkan mọ́ tí iná rẹ̀ bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 2. Ẹ má sì jẹ́ kí 3.0 tàn yín lórí bátìrì tó ti lé lógún ọdún: irú bátìrì yìí máa ń dúró gbọin títí ìgbẹ̀yìn, á wá ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Yíyọ ti àtijọ́

Ìṣòro tiwa nìyí: bí iná bá lọ nígbà tí lẹ́ẹ̀dì ti yọ́ tán díẹ̀, orí áyọ́ọ̀nù á tutù mọ́ ọn lára, ìkánjú á mú kí ẹ fà á, bébà kọ́pà tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì á sì bá a lọ. Bébà yẹn kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Nítorí náà, tí ó bá jẹ́ pé iná ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, ẹ ṣiṣẹ́ lórí ínfátà tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Tí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ fi í di ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbóná tó 350°C. Ẹ fi péésìtì díẹ̀ sí ojú tí bátìrì ti so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ti àtijọ́. Ó lè jọ pé ẹ ń ṣe òdìkejì ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì tuntun ló ń gbé ooru wọ inú ti àtijọ́.

Nínú Game Boy, etí bátìrì tẹ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ fi ẹ̀mú di etí náà mú, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lé e lórí, kí ẹ sì máa wo lẹ́ẹ̀dì tó yí i ká. Ní àkọ́kọ́, á ṣì rí bó ṣe rí, ó ṣú díẹ̀ bí eérú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, etí rẹ̀ kan á dán, dídán náà á wá ta kọjá sí apá kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn gan-an, kì í ṣe kí ó tó di ìgbà yẹn, ni kí ẹ gbé e sókè. Bí lẹ́ẹ̀dì bá ti yọ́ tán, etí náà máa ń yọ láìsí pé ẹ fà á. Bí ó bá gba agbára, lẹ́ẹ̀dì kò tíì yọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ − máa ń pẹ́ ju ẹsẹ̀ + lọ, torí ó so mọ́ kọ́pà gbòòrò tó ń fa ooru kúrò. Kì í ṣe pé áyọ́ọ̀nù yín kò dára.

Nínú Nintendo, Super Nintendo àti Nintendo 64, etí bátìrì kọjá nínú ihò lọ sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ yí i padà, ẹ yọ́ lẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, ẹ fi sọ́kà fà á títí ihò á fi mọ́, kí ẹ tó yọ bátìrì jẹ́jẹ́. Tí ihò bá ṣì dí, ẹ tún fi lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí ẹ tún fà á.

Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu ibẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé, bátìrì ti jò nìyẹn, òjò wa sì máa ń dá kún un. Ẹ nù ún títí kọ́pà fi máa mọ́.

Fífi tuntun sí i

Ẹ wo fọ́tò yín. + sí +, − sí −. Ẹ tún un wò.

Ẹ fi péésìtì díẹ̀ sí i, ẹ gbé etí bátìrì tuntun sójú ibi tó yẹ, ẹ yọ́ lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ lé e, kí ẹ sì gbé áyọ́ọ̀nù kúrò kíákíá. Ojú kan kò gbọ́dọ̀ gba ju ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4 lọ. Tí lẹ́ẹ̀dì bá tẹ́ tó sì dán, ó ti dì mú. Tí ó bá rí róbótó tó kàn jókòó sórí rẹ̀, kò tíì wọlé, ẹ tún un gbóná. Ẹ rí i pé ìdí bátìrì kò kan ẹsẹ̀ áísì kankan. Téèpù aláwọ̀ ìyeyè tó ń gba ooru dára lábẹ́ rẹ̀.

Bátìrì tí kò létí ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tí mo lọ yá sọ́kà rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú bá yín fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn tààrà?” Mo ní, “Rárá, àbúrò. Ojú bátìrì yẹn gan-an ni ooru kò gbọ́dọ̀ kàn.” Lítíọ́mù ló wà nínú rẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù lè mú kí inú rẹ̀ wú, kí ó jò, tàbí kí ó bẹ́ sójú ẹni tó jókòó tì í. Bí kò bá tilẹ̀ bẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ ti kúrú. Àwọn mìíràn máa ń ká etí àtijọ́ mọ́ bátìrì tuntun, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù dì í. Mo ti ṣí káséètì bẹ́ẹ̀ rí: gọ́ọ̀mù ti yọ́ nínú ooru, ó ti wọ àárín irin àti bátìrì, séèfù ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ má ṣe é fún káséètì tí ẹ bá fẹ́ràn.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yẹ kí ó ka bíi 3.2, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí ó bá ń wálẹ̀ lójú yín, nǹkan kan ti kan nǹkan kan, ẹ wá a rí kí ẹ tó dè é.

Kí ẹ tó dè é, ẹ kọ oṣù àti ọdún sórí bébà pélébé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike náà.

Ọ̀rọ̀ bátìrì àtijọ́ àti àwọn ọmọdé

Èyí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bátìrì yìí ń dán, ó kéré, ọmọdé á sì fẹ́ gbé e mì. Tí ó bá há sí ọ̀fun, kódà bí ó ti kú fún géèmù, iná tó kù nínú rẹ̀ lè jó ẹran ara láàárín wákàtí 2 péré. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń sunkún, ẹ má sì fún un ní ohun tó máa mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, bí EKSUTH ní Adó tàbí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé bátìrì ni, kí ẹ sì mú páálí rẹ̀ dání kí wọ́n lè rí nọ́ńbà.

Bátìrì àtijọ́, ẹ fi téèpù wé ojú méjèèjì, kí ẹ tì í mọ́ inú agolo. Kò gbọ́dọ̀ bá ìdọ̀tí tí a ń dáná sun lẹ́yìnkùlé lọ, ó máa ń bẹ́ nínú iná.

Dídán an wò

Ẹ ki káséètì bọ ẹ̀rọ, ẹ tan án. Bí kì í bá ṣe pé ẹ fi AA gbé SRAM ró, séèfù máa ṣófo tàbí kí ó ní wúruwùru nínú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun, ẹ séèfù, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ káséètì, kí ẹ jẹ́ kó sùn sórí tábìlì títí di ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti fi dá a mọ̀.

Zelda ti Nintendo àkọ́kọ́ ní àṣà tirẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ di Reset mú kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ó sì ń kọ ọ́ sójú fún yín. Ẹni tó bá pa á lásán lè pàdánù séèfù, á wá rò pé bátìrì tuntun kò dára. Mo ti rí ẹni tó tú káséètì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí.

Tí séèfù kò bá dúró lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí bátìrì sì ka 3.2, ẹ yí mítà sí ti fóltì, ẹ fi ẹnu dúdú sí − bátìrì, kí ẹ fi ẹnu pupa kan ẹsẹ̀ tí SRAM fi ń gba iná, nígbà tí káséètì wà níta ẹ̀rọ. Tí ó bá ka òfo, ojú lẹ́ẹ̀dì kan kò dì mú, tàbí dáyóòdù tàbí rẹsísítọ̀ tó wà láàárín wọn ti kú, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Tí iná bá ń dé ọ̀dọ̀ SRAM tí kò sì rántí nǹkan kan, áísì náà fúnra rẹ̀ ló lọ. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná láàárín àwọn tó ń tún fóònù ṣe, kí ó bá yín yọ irú rẹ̀ gan-an láti inú káséètì mìíràn tó ti kú.